Ère tó ń mì, iná tó ń pàwọ̀ dà: Ẹ sọ fọ́mọ Ìwó pé ọgbọ́n ilé ni

Ẹni tó bá ti dé Ìwó rí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, á ti gbọ́ ọ pé ilé odídẹrẹ́ ni ìlú náà. Bí wọ́n bá ń ki ọmọ Ìwó tí wọn ò dárúkọ ẹyẹ yìí mọ́ ọn, oríkì náà ò tíì délé. Ara odídẹrẹ́ rí bí eérú, kò sí ohun bàbàrà kan níbẹ̀. Ìrù ẹ̀ ló ń dá èèyàn dúró. Pupa fòò ni, bí ẹni pé ẹnì kan dìídì rì í bọ inú osùn. Ìyẹ́ ìrù yẹn náà ni ìkóódẹ tí Yorùbá fi ń ṣe adé ọba lọ́ṣọ̀ọ́.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yẹ ìyẹ́ pupa náà wò fínnífínní. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó pupa láyé, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ló ń bá wọn pọ́n. Ti ẹbí odídẹrẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀, inú ara tiwọn gan-an ni wọ́n ti ń po àwọ̀ pupa tiwọn. Èyí tó tún wá yani lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ojú wọn. Irú ohun tó ń gba àwọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ẹyinjú èèyàn, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Ti odídẹrẹ́, mẹ́rin ni. Ìkẹrin yìí ló fi ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tó wà nínú oòrùn tí ojú èèyàn ò lè rí láéláé. Ìyẹn ni pé bí ọmọ Ìwó kan àti odídẹrẹ́ bá jọ dúró níwájú òdòdó kan ṣoṣo, ohun tí ẹyẹ ń rí lára òdòdó náà pọ̀ ju ti onílé lọ.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti kọjá ohun tó wà lára nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé nǹkan náà wà níbẹ̀, ojú tó ń wò ó náà sì wà níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà, tàbí tí ẹni tó ń wò ó bá rìn síwájú díẹ̀, àwọ̀ lè pa dà.

Orí ìmọ̀ yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọnà kan lókè òkun dúró lé tí wọ́n fi dolókìkí. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń pè ní kinetic art, ìyẹn iṣẹ́ ọnà tí kì í dúró sójú kan. Òmíràn ń yí, òmíràn ń mì, òmíràn ń tàn yanran kó tó tún ṣú. Ní ọdún 1913, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Marcel Duchamp, mú rímù kẹ̀kẹ́ ológeere, ó gbé e ka orí àpótí ìjókòó, ó ń fọwọ́ yí i, ó ń wò ó.  Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ ọnà tó ń yí, ọ̀dọ̀ rímù yẹn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan náà wà tó ń jẹ́ Frank Malina. Ẹ má fojú oníṣẹ́ ọnà lásán wo ọkùnrin yìí o. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe, ó wà lára àwọn tó dá ilé ìwádìí Jet Propulsion Laboratory sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń darí àwọn ẹ̀rọ tó ń lọ sínú òfuurufú títí dòní. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, ó pa rọ́kẹ́ẹ̀tì tì, ó jókòó sí ìlú Paris, ó ń kan àpótí. Ó fi gílóòbù sínú àpótí náà, ó fi ẹ́ńjìnnì kékeré sí i, ó fi àwo tó kun ní oríṣiríṣi àwọ̀ síwájú gílóòbù, ẹ́ńjìnnì ń yí àwo náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá dúró síwájú àpótí yẹn á máa rí àwọ̀ tó ń wọ inú ara wọn bíi kùrukùru àárọ̀. Ní ọdún 1968 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tó pè ní Leonardo, fún àwọn tó ń fi sáyẹ́ǹsì ṣe iṣẹ́ ọnà, ìwé ìròyìn náà sì ṣì ń jáde.

Ti Carlos Cruz-Diez, ọmọ Venezuela tó kú ní 2019, tún wá yàtọ̀. Láti ọdún 1965 ló ti ń ṣe yàrá tí kò ní ohunkóhun nínú ju iná aláwọ̀ lọ, apá kan pupa, apá kan àwọ̀ ewé, apá kan búlúù. Ìwọ tó o wá wòran lo máa wọ inú ẹ̀. Bó o bá ṣe ń rìn láti inú àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ojú ẹ á máa tàn ẹ́, ibi tó pupa tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lójú ẹ. Bí ò bá sí èèyàn nínú yàrá náà, iṣẹ́ ò tíì parí. Irú èyí ni òyìnbó ń pè ní interactive, pé òǹwòran àti iṣẹ́ ọnà jọ ń ṣe é ni.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìwó bá tú fáànù tó ti bàjẹ́, tó yọ ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀, tó so páálí aláwọ̀ mọ́ ọn, tó tan iná sí i, ohun àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ni pé kó lọ kàwé ẹ̀. Bí olùkọ́ ẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ ẹni tó lójú àánú, á yìn ín pé ó ń ṣe bí òyìnbó. Ọ̀rọ̀ kejì yìí gan-an ló burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí kò sóòótọ́ nínú ẹ̀. Yorùbá ti ń ṣe ohun tó ń mì, tó ń tàn, tó sì ń pàwọ̀ dà lójú àwùjọ tipẹ́tipẹ́ kí Duchamp tó mọ kẹ̀kẹ́ í gùn.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀, òyìnbó náà ló sì kọ ọ́. Ní oṣù February, ọdún 1826, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton, òṣìṣẹ́ ológun orí omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ kó tó dahoro. Aláàfin ní kí àwọn eléégún aláré ṣeré fún àlejò. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ẹni kan jáde tó gbé ohun dúdú kan tó ń dán yinrin sórí. Clapperton ní bí ẹni náà bá yí báyìí, ohun orí ẹ̀ á dà bíi kìnnìún tó lúgọ. Bó bá tún yí díẹ̀, á di orí èèyàn tó nírun rẹpẹtẹ. Ó ní gbogbo yíyí tó bá yí ni nǹkan náà ń di òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Cruz-Diez ń ṣe lọ́dún 1965 tó yàtọ̀ síyẹn?

Wọn ò tíì ṣe tán. Nínú àpò kan ni ejò ńlá ti yọrí jáde, bí òjòlá, gígùn ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kùn ún bí ara ejò gan-an, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Àlejò náà fura pé ẹnì kan ló wà nínú aṣọ náà tó ń fọwọ́ darí ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé ìrìn ejò náà ò yàtọ̀ sí ti ejò ààyè. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé èyí tó pa gbogbo ọjà lẹ́rìn-ín jáde. Àpò kan ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ẹni kan, orí funfun ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà gbogbo ara funfun bí ìda. Òyìnbó ni wọ́n ń ṣe! Ó tín-ín-rín, òtútù ń mú un, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áásáà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yíjú wo Clapperton bóyá ó yé e. Ó yé e dáadáa, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829, lẹ́yìn ikú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀sìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí gan-an ni Ìwó, Kìrìsìtẹ́nì náà ò sì gbẹ́yìn níbẹ̀, Yunifásítì Bowen tó wà nínú ìlú náà, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ni ín. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eégún sétí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ bọ nǹkan kan o. Aṣọ tó ń yí ò ní ẹ̀sìn. Okùn tó ń fa ẹnu ère ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí mọ́ṣáláṣí. Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀, ọgbọ́n ò sì í ṣe ohun téèyàn ń kó dànù torí pé ẹni tó kọ́kọ́ ní in ò kírun.

Ẹ wo eégún aláṣọ, àwọn tí wọ́n rán aṣọ lápálápá sí lára láti orí dé ilẹ̀. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, òkìtì aṣọ lásán ni. Ṣùgbọ́n bí bàtá bá ta sí i, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò yí, gbogbo apá aṣọ náà á dìde, á nà gbalaja sínú afẹ́fẹ́ bí agbòòrùn ńlá. Kí ló ń gbé e sókè? Ohunkóhun tó bá ń yí, ọ̀nà tààrà ló fẹ́ gbà sá lọ, ohun tó so ó mọ́ àárín ni ò jẹ́ kó lọ. Aṣọ yẹn ń fẹ́ fò lọ, okùn ìránṣọ ló dì í mú, ìdí nìyẹn tó fi nà síta. Bí eégún bá ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ á máa tẹ́ pẹrẹsẹ sí i. Ẹni tó rán aṣọ náà mọ èyí. Ó mọ bí apá kan ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, ó mọ ibi tó yẹ kó wúwo, ó tún fi aṣọ pupa ṣe etí ẹ̀ kó lè hàn nígbà tó bá ń yí. Kò kọ ọ́ sí bébà, kò jókòó nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ìmọ̀ físíìsì ló ń lò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà nínú ẹ̀. Ohun tí ojú bá rí, kì í jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á ṣì dì í mú fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí apá aṣọ pupa bá kọjá, tí àwọ̀ ewé sì tẹ̀ lé e kí ojú tó jọ̀wọ́ pupa, àwọn méjèèjì á pò pọ̀ lójú òǹwòran. Àwọn ọmọdé tó ń ta òkòtó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òkòtó tí wọ́n kùn ní àwọ̀ méjì, bó bá ń yí, àwọ̀ kẹta ló máa hàn. Ní àwọn ọdún 1850, onímọ̀ ńlá kan láti Scotland, James Clerk Maxwell, fi páálí roboto tó ń yí bí òkòtó ṣe ìwádìí àwọ̀. Ibi tó bá ìwádìí náà dé ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́ta péré, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, tó láti bí àwọn tó kù. Orí ìmọ̀ yìí ni tẹlifíṣàn aláwọ̀ àti fóònù tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé lónìí ń ṣiṣẹ́ lé. Eré òkòtó náà kọ́ ni? Eré òkòtó ni, ẹni kan kàn bi í léèrè ìdí ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń so okùn mọ́ ère, ẹ gba ọ̀nà Kétu lọ, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbilẹ̀. Agbẹ́gilére á gbẹ́ orí èèyàn, á wá gbé ìran sórí ẹ̀: ẹyẹ tó fẹ́ ṣá ejò jẹ, tàbí àwọn èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Nínú àwọn kan, ìran náà ò dá dúró. Oríkèé wà lára ère kéékèèké yẹn, okùn tín-ín-rín gba inú ihò wọ inú aṣọ, ọwọ́ ẹni tó gbé e ni okùn náà parí sí. Bó bá fà á, ẹyẹ á kọ lu ejò, ejò á gbórí sókè. Ìlú Cové náà wà ní Bẹ̀nẹ̀ níbi tí wọn ò tíì fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Agbẹ́gilére kan níbẹ̀, Kifouli Dossou, ti gbé iṣẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiẹ̀ dé ilé àfihàn. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ló jọ ni ín. Ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣé ẹ rò pé wọ́n fi kọ́ ọmọ sáyẹ́ǹsì kankan níbí pé ọ̀pá, okùn àti oríkèé ni?

Ẹni tó bá sọ pé Ìwó ò sí nínú ìtàn yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ta ló ń hun aṣọ. Ìlú ahunṣọ ni Ìwó látijọ́. Àwọn tó rántí àríyá ìgbà tí owó epo wọlé á rántí aṣọ òkè tí wọ́n ń pè ní ṣáìnṣáìn. Òwú kan tó ní bébà onírin tín-ín-rín nínú ni wọ́n hun mọ́ ọn. Bí ìyá ìyàwó bá jókòó, aṣọ náà kàn dára ni. Bó bá dìde láti jó, tí iná gbọ̀ngàn bà á, gbogbo ara ẹ̀ á máa kọ mànà, níbí, lọ́hùn-ún, níbí. Òwú onírin yẹn ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, ibi tó ń dà á padà sí sì ń yí bí ẹni náà bá ṣe ń mira. Ijó ìyá ìyàwó ló ń tan iná náà. Ahunṣọ ló ṣe ìdajì iṣẹ́, oníjó ló ṣe ìdajì tó kù.

Ẹ tún wo aláró. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ látinú ìkòkò aró, kò tíì di búlúù o. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ẹ́ pọ́n bí ìyeyè ló máa ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni á máa di búlúù lójú ẹni tó dúró tì í. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo èèyàn ń mí símú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn ìyá aláró tó mọ iye ìgbà tó yẹ kí wọ́n rì í, kí wọ́n gbé e sínú afẹ́fẹ́, kí wọ́n tún rì í, kẹ́míísìrì ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó fún wọn ní sábúkéètì ni.

Òṣogbo ò jìnnà sí Ìwó. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ òṣèré àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré Ládipọ̀ tó jẹ́ pé iná orí ìtàgé ni iṣẹ́ tiẹ̀. Òun ló ń tan iná, òun ló ń pa á, òun ló mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹ kó bọ́ sí nígbà tí Ṣàngó bá ń bínú. Jimoh Buraimoh lorúkọ ẹ̀, ọmọ Òṣogbo, tí wọ́n bí ní 1943. Nígbà tí Georgina Beier wá kọ́ wọn ní àwòrán yíyà láàárín àwọn ọdún 1960, Buraimoh ò fi ọ̀dà nìkan ṣe tiẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló mú. Ó ń tò ó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ti adé ọba, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ń dán, ọ̀dà ò dán tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn kọjá níwájú àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ á máa rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń sá káàkiri lórí ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé òkè òkun. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ iná títàn ló mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè bá ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún un ní 1964 pé oníná kò gbọ́dọ̀ bá wọn yàwòrán ńkọ́?

Obìnrin kan náà wà láti Buguma, ní ìpínlẹ̀ Rivers, Sokari Douglas Camp, tí wọ́n bí ní 1958. London ló ti kàwé iṣẹ́ ọnà, irin ló sì ń jó. Ó rántí àwọn eégún Kalabari tí wọ́n ń jó nílé, ó rí i pé ère tó dúró gbagidi ò lè sọ bí ijó yẹn ṣe rí. Ló bá so ẹ́ńjìnnì oníná mọ́ àwọn kan lára ère irin ẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ère ọmọbìnrin tó ń pàtẹ́wọ́ ti wà lára iṣẹ́ ẹ̀, irin ló ń pàtẹ́wọ́ o. Ní 1988, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington ṣe àfihàn iṣẹ́ ẹ̀. Kò lọ wá ọgbọ́n náà lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó rí nílùú ẹ̀ ló fi irin àti iná ṣe.

Ní báyìí, ibo ni ọ̀rọ̀ kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, àwọn tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́? Ibi tó kàn wọ́n rèé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama, bí ọmọ bá ti dé kíláàsì àgbà, wọ́n á pín wọn. Ẹni tó mọ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó mọ àwòrán yà, áàtì. Ọmọ tó mọ méjèèjì gbọ́dọ̀ pa ọ̀kan tì, èyí tí òbí sì máa ní kó pa tì kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ sáyẹ́ǹsì á kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ láti inú ìwé, á há a sórí, á gbàgbé ẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ọmọ áàtì á kun àwọ̀ láìmọ ìdí tí pupa fi ń pupa. Ẹni tó rán aṣọ eégún tó ń yí, bí wọ́n bá bí i lónìí, wọ́n á pín in sí méjì.

Owó tó ń tibẹ̀ lọ náà ò kéré. Ẹ lọ síbi ìnáwó ńlá l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn. Iná ń yí lórí àjà, iná ń pàwọ̀ dà lára ògiri, ilẹ̀ tí ìyàwó ń jó lórí ẹ̀ ń tàn lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Owó gidi ni wọ́n ń san fún un. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, inú kọ̀ntéénà láti China ló ti wá, àwọn ọmọ tó ń tò ó síbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kì í mọ́ iná, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè ṣe tiwọn. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á ra òmíràn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà n'Ìwó, àwọn tó ń tún rédíò ṣe, àwọn wẹ́dà, àwọn káfíńtà, àwọn tó ń wáyà ilé. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́, ohun tó kù ni kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n mọ̀ tó ó jẹ.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ò nílò owó ìjọba. Kó wá gílóòbù kéékèèké mẹ́ta tó ń lo bátìrì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn, kó kọjú wọn sí ògiri funfun nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn pọ̀, ògiri náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Àwọn ọmọ á rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kó wá ní kí ọmọ kan dúró síwájú iná náà, kó máa jó. Òjìji mẹ́ta á yọ lára ògiri, kò sì ní sí dúdú nínú wọn, àfi ibi tí wọ́n bá ti gun ara wọn. Níbi tí ara ọmọ náà bá ti dí iná búlúù, pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ló kù, àwọ̀ ìyeyè ló máa yọ. Níbi tó bá ti dí àwọ̀ ewé, èsè àlùkò. Níbi tó bá ti dí pupa, búlúù tó mọ́ bí ojú ọ̀run. Bó bá gbé apá sókè, apá mẹ́ta aláwọ̀ mẹ́ta á gòkè. Bí méjì bá jọ wọlé, àwọ̀ á gun àwọ̀. Ohun tí Maxwell ń wá nìyẹn, ohun tí Cruz-Diez fi dolówó nìyẹn, ohun tí eégún Ọ̀yọ́-Ilé fi pa àlejò lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Ibi tí iná ò bá sí, tí bátìrì náà ò sí, afẹ́fẹ́ wà. Kí wọ́n gé páálí sí ìrísí ìyẹ́ ẹyẹ, kí wọ́n kùn ún ní pupa, kí wọ́n lẹ bébà dídán mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, kí wọ́n fi òwú so ó kọ́ sára ọ̀pá, kí ọ̀pá náà sì dúró dọ́gba. Dídúró dọ́gba yẹn ló le níbẹ̀. Ọmọ tó bá wá ibi tó yẹ kí òwú wà kí ọ̀pá má baà tẹ̀ sápá kan ti kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì tí kò ní gbàgbé, ìyá ẹ̀ á sì rí nǹkan tó dára gbé kọ́ sí pálọ̀.

Bí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ti áàtì nílé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo n'Ìwó bá gbà láti jọ lo yàrá kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí wọ́n ní kí káfíńtà àdúgbò àti ahunṣọ àgbà kan wá bá wọn jókòó, ohun tó máa jáde níbẹ̀ á ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn mú ère mì, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń hun òwú tó ń kọ mànà, kò pọ̀ mọ́ láyé, wọn ò sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbà tó bá lọ lónìí, tòun ti ọgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ló lọ. Ẹni tó bá fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀ láìbi í léèrè ọ̀nà oko, kó má ṣe bínú bó bá ń ra iṣu lọ́jà.